Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ àti Àwòrán tí ń Rìn: Ọ̀nà Kíkà Wọn ní Kíláàsì Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Nígbà tí a bá gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì èdè Yorùbá, tí a sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbà kò ju kíka àwọn nǹkan inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ: ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ó wọ agbádá, ajá kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, olùdánwò sì lè fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì sọ ìdí tí agbádá náà fi tóbi ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, kò sì tíì sọ ohun tí ó pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín nígbà tí ó kọ́kọ́ rí i. Ó ti ka ohun tí ó wà nínú àwòrán; kò tíì ka àwòrán.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé àwòrán tí a fọwọ́ yà, ìbáà dúró lójú kan nínú ìwé ìròyìn, ìbáà máa rìn lójú tẹlifíṣàn, ní èdè tirẹ̀, àti pé àwọn irinṣẹ́ tí olùkọ́ Yorùbá fi ń tú ewì àti àlọ́ palẹ̀ tó láti fi tú u palẹ̀ pẹ̀lú. A ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ tí kò jìnnà sí Adó, kí a tó wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní òkè òkun àti ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni a ó dá ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe lè kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, àti bí a ṣe lè fún un ní máàkì.

2. Orúkọ tí a ó pè é

Lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Adó-Èkìtì, kátúùnù ni ohun gbogbo: àwòrán inú ìwé ìròyìn, ìtàn tí a fi àwòrán tò sójú ìwé, àti èyí tí ń sáré lójú tẹlifíṣàn. A kò bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ àyálò náà. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ olùkọ́, ó yẹ kí a ya àwọn mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀. A ó pe èyí tí ó dúró lójú kan ní àwòrán ẹ̀fẹ̀. A ó pe èyí tí a tò tẹ̀ léra ní ìtàn aláwòrán. Ẹ̀kẹta ni a ó pè ní àwòrán tí ń rìn, ìyẹn èyí tí a yà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí ẹ̀rọ sì ń yí kíákíá lójú ẹni títí ẹni tí ń wò ó yóò fi rò pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn àwòrẹ́rìn-ín, ìwé ìròyìn Yorùbá kan sì ti jẹ́ orúkọ yìí rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rín ṣe òpin iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán mìíràn wà tí kì í pani lẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀fẹ̀ gbòòrò ju ẹ̀rín lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orin Ẹ̀fẹ̀ lóru ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde ní Kétu tàbí ní ilẹ̀ Yewa mọ̀ pé bí òṣèré náà ti ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni ó ń bá ìlú wí. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àwòrán tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe. Nítorí náà ni a ṣe yan ẹ̀fẹ̀.

3. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́

Kò yẹ kí a rò pé ìwé ìròyìn ni ó kọ́kọ́ mú àwòrán tí ń sọ ìtàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni a bí Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìsẹ̀ ni ó gbé, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún Arìnjalè, ìlú yìí ni a sì fi ń pè é títí di òní: Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀. Ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ìtàn tí ó gbẹ́ sójú ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà ni ti bí Ògògà ṣe gba Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò. Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó dípò rẹ̀ fún Ògògà.

Awẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn náà ní. Ọlọ́wẹ̀ pín awẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìpele, ọ̀kan lórí èkejì. Lójú awẹ́ kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí. Lójú awẹ́ kejì, wọ́n gbé òyìnbó náà bọ̀, àwọn tí ó ru ẹrù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ère náà yọ síta gan-an láti ojú igi, bí ẹni pé wọn yóò bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú olùkọ́ wo iṣẹ́ yìí. Èkíní, Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, síbẹ̀ ìtàn náà yé wa, nítorí pé ojú wa ni ó ń so awẹ́ kan mọ́ èkejì. Bí a ṣe ń ka ìtàn aláwòrán náà nìyẹn: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan sí èkejì, òǹwòran ni yóò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dí i. Èkejì, ìdúró àti ìjókòó ń sọ̀rọ̀. Ọba jókòó sí àyè rẹ̀; àlejò ni a ń gbé bọ̀ wá bá a. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ẹni tí ó jẹ́ onílé láàárín àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àkókò tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ òyìnbó ni agbára ìjọba wà. Kò sí ẹni tí ó lè mú agbẹ́gilére pé ó sọ̀rọ̀ àfojúdi, nítorí pé kò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ayàwòrán inú ìwé ìròyìn wá ń ṣe lẹ́yìn náà.

4. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn

Nígbà tí a bá dárúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ bá ìjọba wí ní Nàìjíríà, orúkọ Akinola Lasekan ni ó máa ń ṣáájú. Ọdún 1916 ni a bí i. Láti 1944 ni àwòrán rẹ̀ ti ń jáde nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Lash ni ó máa ń fi ṣe orúkọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Ìjà òmìnira ni ó fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn náà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè wo àwòrán kí ó sì mọ ẹni tí ń jẹ ẹni tí a ń jẹ níyà.

Èyí tí ó kan àwa ará Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n ni dele jegede. Lẹ́tà kékeré ni òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ orúkọ rẹ̀, a sì tẹ̀ lé e. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni a ti bí i ní 1945. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní 1973, ó di olóòtú àwòrán ní Daily Times láti 1974 sí 1977. Òun ni ó ya ìtàn aláwòrán Kole the Menace nínú Sunday Times, tí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kole jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ní 1983, tí ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. A kò sọ pé ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlú kan náà ni ilẹ̀kùn yẹn ti sọ ìtàn, tí ẹni tí ó ya Kole sì ti rí ayé. Ọmọ Èkìtì tí ó bá rò pé àlejò ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ní ilé rẹ̀ kò tíì wo ẹ̀yìn wò.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé Atọ́ka pẹ̀lú, ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí ó fi fọ́tò tẹ̀ léra sọ ìtàn àwọn eré tí àwọn òṣèré alárìnjó ń ṣe kiri. Fọ́tò ni ti Atọ́ka, kì í ṣe àwòrán tí a fọwọ́ yà, ṣùgbọ́n ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé Yorùbá bí a ṣe ń ti àwòrán kan bọ́ sí èkejì láì sọ ìtàn nù.

Nígbà tí a bá wá tú àwòrán ẹ̀fẹ̀ palẹ̀, kí ni a ó rí nínú rẹ̀? A ó rí àwọn ọnà èdè tí à ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́. Bí ayàwòrán bá ya imú olóṣèlú kan tí ó gùn bí apá, àsọrégèé ni. Bí ó bá ya obìnrin kan tí ebi ti hàn lára rẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí i lára aṣọ, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Bí owó bá hu ẹsẹ̀ tí ó ń sá fún ẹni tí ń wá a, ìfohunpènìyàn ni. Bí àwòrán mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí ìṣe kan náà sì ń padà wá nínú wọn, tí ẹ̀kẹrin wá yí i padà, àwítúnwí ni, ìyípadà náà sì ni ó ń fa ẹ̀rín. Orúkọ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni pé a lè lò wọ́n fún ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀.

5. Bí àwòrán ṣe ń rìn

Láti ìgbà tí tẹlifíṣàn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni àwòrán tí ń rìn ti ń rí ọ̀nà wọ inú ilé. A ń rí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ kò lè mọ iyì rẹ̀.

Fíìmù máa ń fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ a máa ya 12, wọn a sì ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, ojú kò sì ní í mọ ìyàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìṣe. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan nílò àwòrán 720, ìtàn ìṣẹ́jú méje sì nílò 5,040. Ọ̀gá ayàwòrán a ya àwọn àwòrán kókó: ibi tí ìṣe ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a ya àwọn alárinà tí ó wà láàárín wọn. Wọn a wá dà wọ́n kọ sójú sẹ́lúlọ́ìdì tí a lè wò kọjá, wọn a kun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dà, wọn a tẹ́ ẹ sórí àwòrán ilé tàbí igbó tí kì í yí padà, kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Earl Hurd, ará Amẹ́ríkà, ni ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n sẹ́lúlọ́ìdì yìí ní 1914. Kí ó tó di ìgbà náà, gbogbo àwòrán ni a ní láti yà látòkè délẹ̀ ní ìgbà gbogbo. Báyìí ni Émile Cohl ṣe ya Fantasmagorie ní ilẹ̀ Faransé ní 1908, tí Winsor McCay sì ṣe ya Gertie, ẹranko ńlá ìgbà ìwáṣẹ̀, ní Amẹ́ríkà ní 1914. Nígbà tí ó fi di 1937, ilé-iṣẹ́ Walt Disney ti fi ọwọ́ ya odidi ìtàn Snow White tí ó lé ní wákàtí kan.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Iwájú tí Disney àti ẹgbẹ́ Kugali gbé jáde ní 2024, tí Èkó ọjọ́ iwájú jẹ́ ibùdó ìtàn rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ pẹ́ńsù àti ọ̀dà. Ṣùgbọ́n àwọn òfin ìrìn tí àwọn afọwọ́yàwòrán ṣe àwárí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú wọn.

Òfin kìíní ni ìfẹ̀yìnmúra. Ẹ̀dá tí yóò fò sókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lóṣòó. Ẹni tí yóò sọ òkúta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa apá sẹ́yìn. Bí ayàwòrán kò bá fi èyí sí i, òǹwòran kò ní í rí ìṣe náà kí ó tó kọjá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Òfin kejì ni ìyípadà ara. Bí bọ́ọ̀lù bá ń já bọ̀ láti òkè, ayàwòrán kò ní í fi í sílẹ̀ bákan náà. Ní òkè, ó rí róbótó. Bí ó ti ń já bọ̀, ó di gbọọrọ. Bí ó ti balẹ̀, ó di pẹlẹbẹ. Bí ó ti ta padà sókè, ó tún gùn, kí ó tó padà di róbótó. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Ìrísí rẹ̀ ni ó yí padà, èyí ni ó sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé rọ́bà ni, kì í ṣe òkúta.

Òfin kẹta ni àpadàlò. Bí ẹ̀dá kan bá ní láti rìn jìnnà, ayàwòrán a ya ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì máa lo àwọn àwòrán kan náà ní àtúnlò títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ègbè àlọ́ ni èyí. Apàlọ́ kì í dá orin tuntun ní gbogbo ìgbà tí Ìjàpá bá gbé ẹsẹ̀. Ègbè kan náà ni agbo ń gbè, ìtàn sì ń lọ síwájú lábẹ́ rẹ̀.

6. Ọ̀pọ̀lọ́ Alassane

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ iṣẹ́ yìí, kí ó wo Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, tí a bí ní 1942 tí ó sì kú ní 2015. Ó ṣiṣẹ́ ní Kánádà pẹ̀lú Norman McLaren, ẹni tí a mọ̀ fún yíya àwòrán tààrà sójú fíìmù láì lo kámẹ́rà. Ní 1965 ni Alassane ṣe La mort de Gandji. Ní 1966 ni ó ṣe Bon voyage Sim, ìtàn kúkúrú nípa olórí ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kan. Sim rin ìrìn-àjò lọ sí ìlú olórí mìíràn, wọ́n ṣe é ní àlejò tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ ọ́ sínú omi.

Ìlà dúdú lórí funfun ni gbogbo rẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí ó ṣe é. Ní 1966 kan náà ni ìjọba alágbádá ṣubú ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní, tí wọ́n sì gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà ní oṣù Kejì, nígbà tí òun náà wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Alassane kò ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti lo Ìjàpá, Ajá àti Àgbò láti sọ ohun tí a kò lè dojú rẹ̀ kọ olówó àti alágbára. Ẹni tí ó bá lè kọ́ ọmọ ní àlọ́ Ìjàpá lè kọ́ ọ ní Bon voyage Sim.

7. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé àti ojú inú

Ní ibi yìí ni a rò pé èrè tí ó tóbi jù wà fún kíláàsì Yorùbá. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ìró wọn ń ya àwòrán ìṣe. Ènìyàn a máa yọ́ kẹ́lẹ́, a máa rìn tàgétàgé, a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a máa kọjá fìrì, a máa fò fẹ̀rẹ̀, a máa ṣubú gbì, a sì máa dìde gìrì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní eré tirẹ̀, ìwúwo tirẹ̀ àti ìrísí tirẹ̀. Síbẹ̀, nínú àròkọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ènìyàn ni ó ń rìn kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ń lọ nítorí pé a kò fún ọmọ ní ohun tí yóò béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòrán tí ń rìn ń béèrè wọn. Kí olùkọ́ fi ìtàn ìṣẹ́jú méjì hàn, kí ó pa ohùn rẹ̀ tì, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan sí ìrìn ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn. Ọmọ kan yóò ní tàgétàgé. Òmíràn yóò ní rárá o, ẹ wò ó bí orí rẹ̀ ṣe ń lọ sí òsì àti sí ọ̀tún, gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni. Àwọn méjèèjì ti wo àwòrán dáadáa, wọ́n sì ti wo ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ohùn pàápàá ń ya àwòrán. Róbótó ni ohun kékeré tí ó rí kiribiti. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni èyí tí ó wú tí ó sì tóbi. Ohùn òkè wà fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ wà fún ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wo ikùn inú àwòrán kí ó tó yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò ní í rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ohùn mọ́.

Ní Èkìtì, iṣẹ́ mìíràn tún wà tí a lè fi èyí ṣe. Kí a fún àwọn ọmọ ní ìtàn aláwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀ka-èdè ilé wọn sí ẹ̀dá-ìtàn lẹ́nu, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọmọ Adó tí ó kọ “ulé” sínú àwòrán kìíní tí ó sì kọ “ilé” sínú èkejì ti mọ̀ pé èdè méjì ni òun ní lọ́wọ́, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yẹ.

Àìsí iná tàbí tẹlifíṣàn kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́. Kí ọmọ ya bọ́ọ̀lù tí ń já bọ̀ sí igun ewé 24 nínú ìwé àjákọ rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó ṣáájú, kí ó wá fi àtàńpàkò ṣí wọn kíákíá. Bọ́ọ̀lù náà yóò já bọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Pẹ́ńsù kan ṣoṣo ni ó ná wọn.

8. Ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀sín

Kí a mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́ kò ní kí a gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Nínú àwọn àwòrán tí ń rìn tí a yà ní Amẹ́ríkà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, púpọ̀ wà tí wọ́n ti ya ènìyàn dúdú bí ọ̀lẹ, bí òmùgọ̀ àti bí ajẹ̀nìyàn. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ United Artists tí àwọn àwòrán àtijọ́ Warner Brothers wà níkàáwọ́ rẹ̀ kó mọ́kànlá nínú wọn kúrò láàárín èyí tí tẹlifíṣàn lè fi hàn, nítorí irú àbùkù yìí. Ọwọ́ tí ó ya àwọn mọ́kànlá yìí mọ iṣẹ́. Àwòrán wọn ń rìn bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ rere kò sọ irọ́ di òtítọ́.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ ìyàtọ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: kí ni ayàwòrán sọ di ńlá, ohun tí ẹni náà ń ṣe ni, tàbí ohun tí a dá mọ́ ọn? Ikùn ńlá olójúkòkòrò ń sọ nípa ìwà; ètè tí a sọ di ńlá lára gbogbo ènìyàn dúdú kò sọ nípa ìwà ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ tí ó rọ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ń bá ìwà wí kí ìwà lè yí padà. Ẹ̀sín ń bá àdámọ́ jà, àdámọ́ kò sì lè yí padà. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ ìyàtọ̀ yìí nínú àwòrán yóò lò ó nígbà tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sí ẹ̀yà láàárín ọgbà ilé-ìwé.

9. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti olùdánwò

Ẹ jẹ́ kí a mú òwe kan tí ó jẹ́ àwòrán tẹ́lẹ̀: àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí olùkọ́ ya á sójú pátákó: bàbá kan tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, igbá ńlá tí ó ṣófo lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti wọlé sí èjìká, lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ara wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́ káwọ́ gbera.

Ìdáhùn aláìpé ni èyí: “Mo rí bàbá kan tí ó sanra. Ó ru igbá. Mo rí ọmọ mẹ́ta.”

Ìdáhùn tí ó kún ni èyí: “Ayàwòrán fi àsọrégèé ya ikùn bàbá yìí rọ̀bọ̀tọ̀ kí a lè mọ ibi tí oúnjẹ inú igbá lọ. Igbá náà ṣófo, síbẹ̀ ó tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtìjú ni ó wúwo, kì í ṣe igbá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi ya àwọn ọmọ, ó sì kó ọwọ́ wọn pọ̀ kí a lè rí i pé wọn kò ní í ran bàbá lẹ́rù.”

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kò rí ju ti èkíní lọ. Ohun tí ó rí ni ó bi léèrè pé: èé ṣe tí a fi yà ọ́ báyìí? Bí máàkì bá jẹ́ 20, a dá a lábàá pé kí a pín in báyìí: 4 fún sísọ ohun tí ó wà nínú àwòrán, 5 fún títọ́ka sí bí ìlà, ìwọ̀n àti ìdúró ṣe ń sọ̀rọ̀, 4 fún ọnà èdè tí a dárúkọ, tí a sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, 4 fún ìtumọ̀ àti ẹni tí ẹ̀fẹ̀ náà ń bá wí, 3 fún èdè tí ó yọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye. Pẹ̀lú ìpín yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn ka nǹkan inú àwòrán kò lè gbà ju 7 lọ. Olùdánwò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí ohun kan: bí ìtumọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìdáhùn, tí ó sì fi ìlà àwòrán ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kí ó gba máàkì rẹ̀ pé.

10. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwòrán tí a fọwọ́ yà kì í ṣe eré ọmọdé tí a fi ń kún àyè, àti pé ilẹ̀ Èkìtì ti mọ iṣẹ́ àwòrán tí ń sọ ìtàn láti ìgbà Ọlọ́wẹ̀. Àsọrégèé, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, àwítúnwí, ègbè àlọ́ àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ó kù kí a nà wọ́n dé orí àwòrán. Àwọn ọmọ wa yóò máa wo kátúùnù, ìbáà wù wá, ìbáà má wù wá, ní èdè tí ó bá bá a wá. Bí a kò bá kọ́ wọn láti fi Yorùbá ronú lé ohun tí wọ́n ń wò, èdè mìíràn ni wọn yóò fi rẹ́rìn-ín, òun náà ni wọn yóò sì fi ṣe ìdájọ́. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kan ṣoṣo ní sáà tí ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lé e lórí kí agogo tó lù.